Kí ẹ tó fọwọ́ kan ojú ìwò ẹ̀yìn ìbọn ráífù yín

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún mi pé ìbọn ráífù òun kò bá àmì mọ́, ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń bẹ̀ ẹ́ ni pé kí ó má tíì fọwọ́ kan ojú ìwò ẹ̀yìn, ìyẹn ọ̀kan nínú irin kékeré méjì orí ìbọn tí a fi ń fojú sun àmì. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń yìnbọn sí àmì, mo sì ti rí i pé nínú àwọn ìbọn tí wọ́n máa ń ní ojú ìwò wọn ti yẹ̀, ọ̀pọ̀ ni kò ní àbùkù kankan níbẹ̀: nọ́ọ̀tì tó so irin mọ́ igi ìbọn ló tú, tàbí ọwọ́ ẹni tó gbé e ni kò dúró. Ẹni tó bá yí ojú ìwò láti fi wo irú àìsàn bẹ́ẹ̀ ti fi àléébù kejì kún ti àkọ́kọ́, yóò sì ṣòro fún un láti mọ èyí tó ń da ọta rú nínú méjèèjì.

Nítorí náà, ẹ kó gbogbo ọta kúrò nínú ìbọn, ẹ ṣí i, kí ẹ fi ojú wò ó, kí ẹ sì fi ìka kàn án láti rí i dájú pé ihò ọta ṣófo. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá yẹ nọ́ọ̀tì gbogbo wò, kí ẹ sì fọwọ́ mi ojú ìwò iwájú àti ti ẹ̀yìn. Bí gbogbo rẹ̀ bá le dáadáa, ẹ gbé ìbọn lé àpò iyanrìn, kí ó jẹ́ igi abẹ́ rẹ̀ ni yóò fara lé àpò náà, kì í ṣe ọ̀pá ìbọn gan-an, nítorí pé ọ̀pá tó bá fara ti nǹkan máa ń gbé ọta gba ibòmíràn. Irú ọta kan náà ni kí ẹ sì lò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ẹ yin ọta márùn-ún láìyí nǹkan kan padà. Àwọn kan ní mẹ́ta tó. Èmi fẹ́ márùn-ún, nítorí pé bí ọ̀kan bá ṣáko lọ nínú mẹ́ta, ó lè fa àárín gbogbo wọn lọ síbi tí kò yẹ. Bí ihò tí ọta dá sára àmì bá fọ́n ká bí àgbàdo tí a dà sílẹ̀ fún adìẹ, kò sí ohun tí ojú ìwò lè ṣe sí i: ẹ padà sídìí mímí, sídìí bí ẹ ṣe ń fa ìbọn, àti sídìí ojú yín, èyí tó gbọ́dọ̀ máa rí góńgó ojú ìwò iwájú ketekete, kódà bí àmì tó wà lọ́ọ̀ọ́kán bá ṣe bàìbàì. Ìgbà tí àwọn ihò náà bá kóra jọ sójú kan, ìbáà tilẹ̀ jìnnà sí àárín àmì, ni inú mi máa ń dùn, nítorí pé ìgbà náà ni a tó lè gba ẹ̀rí ìbọn gbọ́.

Ibi tí ẹ bá fẹ́ kí ọta lọ ni kí ẹ sún ojú ìwò ẹ̀yìn sí. Bí ọta bá ń balẹ̀ sí òsì, ẹ sún un sí ọ̀tún. Bí ó bá ń lọ sí ìsàlẹ̀, ẹ gbé e sókè, torí pé nígbà tí ojú ìwò ẹ̀yìn bá gòkè, ẹni tó ń wo inú rẹ̀ kò ní rí góńgó iwájú níbi tó yẹ àfi tó bá gbé ẹnu ìbọn sókè pẹ̀lú. Òdìkejì èyí ni ti iwájú. Lórí àwọn ìbọn bíi AK, ojú ìwò iwájú ni a fi ń tún ọ̀tún àti òsì, òkè àti ìsàlẹ̀ ṣe, ti ẹ̀yìn sì wà fún yíyan bí àmì ṣe jìnnà tó.

Lórí iye tí a ó sún un ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń méfò, bẹ́ẹ̀ ìṣirò rẹ̀ kò le. Ẹ wọn bí àárín àwọn ihò ọta ṣe jìnnà sí ibi tí ẹ fẹ́ kí wọ́n balẹ̀ sí, ẹ fi gígùn tó wà láàárín ojú ìwò méjèèjì sọ ọ́ di púpọ̀, kí ẹ wá fi bí àmì ṣe jìnnà sí yín pín in. Bí ọta bá fi 100 mìlímítà lọ sí òsì ní 100 mítà, ìyẹn 100,000 mìlímítà, tí ojú ìwò méjèèjì sì fi 500 mìlímítà jìnnà síra, ìdajì mìlímítà péré ni ẹ ó sún ti ẹ̀yìn. Ìdajì mìlímítà! Ìdí nìyí tí mo fi máa ń fi pẹ́ńsù fa ìlà sí ibi tí ojú ìwò wà kí n tó gbé òòlù láti gbá a sún, tí mo sì máa ń fi ọ̀pá idẹ kékeré sáàárín òòlù àti ojú ìwò, torí pé idẹ rọ̀ ju irin lọ, kì í dá egbò sí i lára.

Ojú ìwò tí ń dún kẹ́, kẹ́ bí a bá ń yí i rọrùn ju èyí tí a ń fi òòlù gbá lọ, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ mọ bí ìdún kan ṣe tó. Lórí M1 Garand tí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà lò nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ìdún kan fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìǹṣì kan ní 100 yáàdì, ó sì di nǹkan bí ìǹṣì méjì ní 200 yáàdì. Ọta tó fi ìǹṣì mẹ́rin yẹ̀ yóò fẹ́ ìdún mẹ́rin ní 100 yáàdì, ṣùgbọ́n méjì ni yóò fẹ́ ní 200.

Ẹ wo nọ́ńbà ara ojú ìwò pẹ̀lú. Gewehr 98 ti àwọn ọmọ ogun Jámánì, irú èyí tí wọ́n lò nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, 400 mítà ni nọ́ńbà tó kéré jù lára rẹ̀, nítorí náà ọta rẹ̀ yóò lọ sókè ní 100 mítà láìsí pé nǹkan kan bàjẹ́. Irú ìbọn bẹ́ẹ̀, ìsàlẹ̀ àmì ni mo máa ń fojú sùn. N kò jẹ́ fi fáìlì ha ojú ìwò tó ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti sún un, ẹ jẹ́ kí ọ̀pá ìbọn tutù, kí ẹ tún yin márùn-ún mìíràn, kí ẹ sì kọ irú ọta, bí àmì ṣe jìnnà tó àti bí afẹ́fẹ́ ṣe rí sílẹ̀. Nígbà tí ó bá ti bá àmì mu, mo máa ń fi ọ̀dà funfun fa ìlà tín-ín-rín tó kan ojú ìwò àti irin tó jókòó lé papọ̀. Bí ìbọn bá ṣubú tàbí tí nǹkan gbá a, ìlà yẹn ni mo kọ́kọ́ máa ń wò kí n tó yin ọta kankan.