Igi máńgòrò ẹ̀yìnkùlé mi: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ lórí owó agégi

Ẹ̀yin onílé ẹgbẹ́ mi, pàápàá ẹ̀yin tí igi ńlá wà nínú ọgbà yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka èyí kí ìjì àkọ́rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Kò tíì ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ tó ṣẹlẹ̀. Bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́ yìí, àyà mi ṣì ń já.

Ọ̀bá-Ilé ni mò ń gbé, lẹ́bàá Àkúrẹ́. Ọkọ mi, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, ló gbin máńgòrò kan sẹ́yìnkùlé lọ́dún 1998 tí a kó wọlé. Igbó ló yí wa ká nígbà yẹn. Lónìí, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ péré ló wà láàárín ìdí igi náà àti fẹ́ǹsì aládùúgbò mi, wáyà iná sì ń gba abẹ́ ẹ̀ka rẹ̀ kọjá. Ẹ̀yin náà mọ bí àdúgbò wa ṣe fún pọ̀ tó báyìí. Àfòmọ́ ti gba orí igi yìí tipẹ́. Lọ́dún tó kọjá, mo rí olú tó hù yí ìdí rẹ̀ ká, mo fi ọmọ odó kan ara rẹ̀, ó sì dún bí ohun tó ti ṣófo. Ikán ti jẹ inú rẹ̀. Mo mọ̀ pé ó gbọ́dọ̀ lọ, ṣùgbọ́n igi tí ọkọ ẹni gbìn kì í rọrùn láti gé. Mo fi í falẹ̀.

Ẹni tó kọ́kọ́ wá wò ó jẹ́ bàbá agégi kan tí ará ìjọ wa júwe fún mi. Ó yí igi náà po lẹ́ẹ̀mẹta kó tó sọ̀rọ̀. Ó wo wáyà, ó wo òrùlé Ìyá Ìbejì lódìkejì fẹ́ǹsì, ó fi ẹsẹ̀ wọn ilẹ̀. Ó ní ₦140,000. Mo pariwo. Mo ní, "Bàbá, igi kan ṣoṣo ni o!" Ó ní, "Màmá, tó bá jẹ́ pé inú oko ló wà, ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún ni mo máa gbà lọ́wọ́ yín. Ẹ wo ibi tó dúró sí." Mi ò gbọ́ ohun tó ń sọ. Iye tó pè nìkan ni mo gbọ́.

Ẹ má pè mí ní ahun. Owó ìfẹ̀yìntì tíṣà ni mò ń jẹ, ẹni tó bá ń gbà á mọ bó ṣe rí. Nígbà tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí mo pàdé lójú ọ̀nà Ọ̀dà sọ pé òun á gé e ní ₦35,000, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Láti ẹnu géètì ló ti wo igi náà. Mo san ₦20,000 sílẹ̀ fún un.

Ọjọ́ Sátidé ni wọ́n dé, òun àti ọmọkùnrin méjì, pẹ̀lú ẹ́ńjìn ìgégi kan àti àkàbà kan. Kò sí okùn. Sálúbàtà ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Mo rí i, mo sì dákẹ́.

Ẹ̀ka ńlá tó kọjú sí ilé Ìyá Ìbejì ló kọ́kọ́ gé. Òkè ló ti gbé ẹ́ńjìn lé e, kò kọ́kọ́ gé abẹ́ rẹ̀ díẹ̀, kò so ó mọ́ nǹkan kan. Ẹ̀ka náà kò tíì gé délẹ̀ tó fi ya, ó bó èèpo igi lọ gbọọrọ, ó yí bìrí, ó fa wáyà já, ó sì ré kọjá lórí fẹ́ǹsì. Ojú mi ló ṣe. Mo gbọ́ gbàà! Páànù ń ké, igi òrùlé ń ṣẹ́, lẹ́yìn náà gbogbo rẹ̀ pa lọ́lọ́. Ọpẹ́lọpẹ́ pé kò síná lọ́jọ́ náà.

Nígbà náà ni Ìyá Ìbejì figbe ta láti ìdí ààrò: "Táyé wà nínú yàrá o!"

Mi ò mọ bí mo ṣe débẹ̀, ẹsẹ̀ lásán ni mo fi sáré. Ilẹ̀kùn yàrá kò ṣí, sílìn ti já dí i lẹ́yìn. Ìyá rẹ̀ ń fi èjìká gbá a, èmi ń pe ọmọ, "Táyé! Táyéwò!" Kò dáhùn. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni. Òun àti Kẹ́hìndé ló máa ń wá ṣa máńgòrò nídìí igi yẹn láàárọ̀ kí wọ́n tó lọ sílé ìwé. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yẹn, mo ń bẹ Ọlọ́run pé kó mú èmi dípò rẹ̀. Mo ń ronú ojú tí màá fi wo ìyá rẹ̀. Mo ń ronú ₦105,000 tí mo rò pé mo fi pamọ́.

Ojú fèrèsé ni àwọn ọkùnrin àdúgbò gbà wọlé. Wọ́n bá a láàárín bẹ́ẹ̀dì àti kọ́bọ́ọ̀dù. Igi òrùlé kan ti já lé orí kọ́bọ́ọ̀dù náà, kò lè dé ilẹ̀, abẹ́ rẹ̀ lọmọ wà. Ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn níwájú orí rẹ̀, eruku bo gbogbo ojú rẹ̀. Ó wò mí, kò sunkún. Ó ní, "Ìyá àgbà, ṣé ìjì ni?"

Nígbà tí mo fi padà sílé, agégi ti kó ẹ́ńjìn rẹ̀ lọ. Nọ́ńbà rẹ̀ kò wọlé mọ́.

Kí n má fà á gùn, wọ́n rán ọgbẹ́ orí ọmọ, ara rẹ̀ ti yá. Káfíńtà tún òrùlé ṣe. Bàbá àkọ́kọ́ yẹn wá gé ìyókù ní ọjọ́ méjì. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: ₦20,000 tó bá agégi lọ, ₦286,000 fún páànù, pákó àti sílìn, ₦18,500 ní ilé ìwòsàn, ₦22,000 fún wáyà, ₦120,000 fún bàbá. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦466,500.

Ẹ̀kọ́ tó ga jù tí mo kọ́ nìyí: ẹ má kọ́kọ́ béèrè "Èló ni?" Ẹ béèrè "Báwo lẹ ṣe fẹ́ gbé e sọ̀kalẹ̀?" Ibi tí igi máa wó sí ni a ń sanwó fún. Igi gíga tó dá dúró ní pápá lè náni díẹ̀, kí kúkúrú tó wà láàárín òrùlé àti wáyà sì gbówó gọbọi. Mo rí bí bàbá ṣe ṣe é. Wọ́n so okùn mọ́ ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó gé e, ẹnì kan dúró nílẹ̀, ó ń tú okùn náà díẹ̀díẹ̀. Láti orí ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n wá gé ara igi ní ìtì-ìtì. Ọwọ́ àti àkókò yẹn ni wọ́n ń gbowó lé. Tí agégi kò bá lè ṣàlàyé èyí fún yín, ẹ jẹ́ kó máa lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀fẹ́ ló fẹ́ gé e.

Ẹ béèrè pẹ̀lú bóyá kíkó ewé àti igi dànù wà nínú owó náà. Owó yíyọ kùkùté dá dúró láyè ara rẹ̀: ₦40,000 ni bàbá pè é, mo fi kùkùté náà sílẹ̀. Tí wáyà bá wà nítòsí, kí àwọn oníná kọ́kọ́ wá pa iná. Igi ìdáná lásán ni mo rí nínú máńgòrò yìí, mo sì kó gbogbo rẹ̀ fún àwọn tó ń yan gàrí. Tíyín bá jẹ́ ìrókò, tíìkì tàbí mẹlínà, onígedú lè sanwó fún yín, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ àwọn aṣọ́gbó ìjọba.

Ká ní mo ti ń tọ́jú igi yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀ ni, kò bá má dé ibẹ̀. Ẹ̀yìn ìkórè ló yẹ kí a máa gé ẹ̀ka máńgòrò. Àfòmọ́ kò ṣeé fà tu lásán, torí gbòǹgbò rẹ̀ ti wọ inú igi. Ẹ gé ẹ̀ka tí àfòmọ́ náà lẹ̀ mọ́, kí ẹ gé e sísàlẹ̀ ibi tó lẹ̀ mọ́ dáadáa. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n bẹ́ orí igi, nítorí ẹ̀ka tuntun tó bá hù níbẹ̀ kì í lágbára lára igi, ìjì á tètè ṣẹ́ ẹ. Àmọ́ gbogbo èyí kò tó ìbéèrè yẹn: báwo lẹ ṣe fẹ́ gbé e sọ̀kalẹ̀? Ká ní mo bi ọ̀dọ́mọkùnrin agégi yẹn ni, kò ní rí ìdáhùn, Táyé ò bá má sì ní àpá lórí.

Igi píà kan wà níwájú ilé mi, kò tíì ga ju òrùlé lọ. Bàbá ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé láti wá gé ẹ̀ka tó ń lọ bá wáyà. ₦12,000 ló pè é. Mi ò ná an.