Omijé ọmọ wa ti padà: ẹ bá wa dúpẹ́

Ẹ bá wa yọ̀, ẹ̀yin ará Iléṣà nílé lóko. Ìgbẹ́ gbuuru kọ lu àbíkẹ́yìn ilé wa, ojú rẹ̀ jìn wọnú, Ọlọ́run sì kó o yọ. Ẹni tá a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Ohun tí ojú rí la fẹ́ fi jẹ́rìí, kó lè wúlò fún ìyá tí ọmọ tirẹ̀ ń yàgbẹ́ lọ́wọ́ báyìí.

Ìtọ̀ àti omijé la kọ́kọ́ dúpẹ́ fún. Ọmọ tí omi ti gbẹ lára rẹ̀ máa ń pẹ́ kó tó tọ̀, ìtọ̀ náà á sì pọ́n bí omi tíì. Tó bá ń ké, ojú rẹ̀ á gbẹ. Tẹ́ ẹ bá fi ìka méjì fa awọ ikùn rẹ̀ sókè tẹ́ ẹ fi sílẹ̀, kò ní tètè padà sáyè. Ojoojúmọ́ là ń gbọ́ ẹkún ọmọ, ta ló ka omijé sí? Àmọ́ lọ́jọ́ tí omi bá tún yọ lójú tó ti gbẹ, tó ṣàn gba ẹ̀rẹ̀kẹ́ dé àgbọ̀n, Olúwa ṣeun.

Omi iyọ̀ òun ṣúgà ni Ọlọ́run lò. Omi tó mọ́, lítà 1, ìyẹn omi inú ọ̀rá oní-50cl méjì. Ṣúgà ṣíbí tíì 6. Iyọ̀ ìdajì ṣíbí tíì. Ẹ fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ gé orí ṣíbí dọ́gba, torí ṣíbí tó rú gegele ló ń ba iṣẹ́ jẹ́: iyọ̀ tó pọ̀ jù léwu fún ọmọ, ṣúgà tó pọ̀ jù á fa omi ara wá sínú ìfun, ìgbẹ́ á sì le sí i. Ẹ tọ́ ọ wò kẹ́ ẹ tó fún un. Kò gbọ́dọ̀ níyọ̀ ju omijé lọ. (Tẹ́ ẹ bá rí oníyẹ̀fun tí wọ́n ń tà ní kẹ́míìsì, ìyẹn ORS tí wọ́n ń pò mọ́ omi, òun ló dára jù.) Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 2 á mu ìdá kan nínú mẹ́rin ife sí ìdajì ife lẹ́yìn ìgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Tó bá bì, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 10, kẹ́ ẹ wá máa fún un ní ṣíbíṣíbí. Ẹ má já a lẹ́nu ọmú. Lẹ́yìn wákàtí 24, ẹ da èyí tó ṣẹ́kù nù. Oògùn síńkì tí wọ́n bá fún yín fún ìgbẹ́ náà, ẹ lò ó pé ọjọ́ 10 sí 14. Ọ̀pọ̀ ń dá a dúró ní gbàrà tí ìgbẹ́ bá ti dá. Tẹ́ ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́, tàbí tí ọmọ ò lè mumi mọ́, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, kódà lóru.

Ìwé ìdúpẹ́ wà nílé wa báyìí, ìlà mẹ́ta lálẹ́. “A dúpẹ́ fún ẹ̀mí” ò burú, àmọ́ tá a bá ń kọ ọ́ lálaalẹ́, kì í pẹ́ tí ọwọ́ nìkan fi ń kọ ọ́. Ohun tí ojú rí lónìí nìkan là ń kọ. Ẹ wo òdòdó kòkó: ara igi ló ti ń yọ, kò ju èékánná ọmọdé lọ, àwọn kòkòrò tíntìntín ló ń jẹ́ kó so. Nínú ọgọ́rùn-ún, díẹ̀ ló ń di èso. Nínú àwọn yẹn náà, ọ̀pọ̀ á dúdú, á gbẹ mọ́ igi. Èyí tó bá kù á lò tó oṣù márùn-ún sí mẹ́fà kó tó pọ́n. Ẹni tó mọ iye òdòdó tó re, kò ní rí èso kòkó kan kó má kí Ọlọ́run.

Ti alẹ́ òní rèé:

Lékèélékèé mẹ́sàn-án fò kọjá lórí òrùlé.
Ìyá àgbà pe orúkọ gbogbo ọmọ ilé, kò ṣi ẹnì kan pè.
Ọmọ tọ̀ sórí ẹní. Ó mọ́ bí omi.