Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń bá wọn ta mọ́tò, ẹ wo pépà kí ẹ tó pe oníbàárà

Ẹ̀yin ará mi tí ẹ̀ ń bá ọ̀gá ta tòkunbọ̀ ní Bẹ́gà àti káàkiri Èkó, ẹ gbọ́ tèmi yìí. Gbogbo wa la mọ bí iṣẹ́ yìí ṣe rí. Kò sówó oṣù. Kọmíṣọ̀n la fi ń jẹun. Láti àárọ̀ la ti ń nu eruku lára mọ́tò, tí à ń ya fọ́tò, tí à ń gbé e sórí WhatsApp. Oníbàárà á mú mẹkáníìkì dání, mẹkáníìkì á fà ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á ní tòun ńkọ́. Bí o ò bá fún un ní nǹkan kan, ẹ́ńjìnì tó dáa á di ẹ́ńjìnì tó ti kú. Láti ìgbà tí náírà ti já wálẹ̀ lọ́dún 2023, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń wá kàn ń béèrè iye tí wọ́n ń tà á ni.

Gbogbo ìyẹn, mo lè fara dà á. Ti Bàbá tó ra Corolla ni kò kúrò lọ́kàn mi.

Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n. Owó ìfẹ̀yìntì wọn ni wọ́n kó wá. Ìyàwó wọn bá wọn wá, Mọ́mì jókòó síwájú, wọ́n ní kí n tan ẹ́síì, wọ́n na ọwọ́ síbi tí atẹ́gùn ti ń jáde. "Ọmọ mi, ó mà tutù o." Owó wọlé, ọ̀gá kó pépà fún wọn, Mọ́mì gbé ọwọ́ lé mi lórí, wọ́n ṣàdúrà.

Kò pẹ́ ni kọ́sítọ́ọ̀mù gba mọ́tò náà lọ́wọ́ wọn lójú ọ̀nà Ṣágámù sí Ìjẹ̀bú-Òde. Pépà dúùtì, ìyẹn ìwé pé wọ́n ti san owó kọ́sítọ́ọ̀mù lórí mọ́tò, tó wà nínú ẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀. Kútọnu ni mọ́tò ti gba inú igbó wọlé, bẹ́ẹ̀ láti January 2017 ni ìjọba ti fòfin de kíkó mọ́tò gba orí ilẹ̀ wọlé, àfi láti èbúté.

Bàbá kó ọlọ́pàá wá. Ọ̀gá ti pa fóònù. Ta ló ta mọ́tò fún yín? Èmi ni wọ́n nawọ́ sí, torí ojú mi ni wọ́n mọ̀. Ní àgọ́ ọlọ́pàá, wọ́n ní kí n bọ́ bàtà, kí n yọ yẹtí etí mi, wọ́n kọ orúkọ mi sílẹ̀. Mọ́mì kò pariwo. Wọ́n ṣáà ń wò mí. Wọ́n wá ní, "Ìwọ tí mo ṣàdúrà fún?" Mo búra pé n kò mọ̀. N kò mọ̀ lóòótọ́! Mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu gbé mi mì.

Ẹgbẹ́ wa dá sí i, ọ̀gá yọjú, ó dá owó padà díẹ̀díẹ̀. Mo ti kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀.

Ohun tí mo kọ́ rèé: ẹ wo pépà. Nọ́ńbà ṣáṣì tó wà lábẹ́ gíláàsì iwájú, lápá dẹ́rẹ́bà, lẹ́tà àti nọ́ńbà 17 ni. Ẹ kà á lọ́kọ̀ọ̀kan mọ́ èyí tó wà lórí pépà dúùtì. Kí ẹ tún fún ẹ́jẹ́ǹtì tó ń bá àwọn èèyàn gba mọ́tò jáde ní èbúté ní nọ́ńbà náà, kó bá yín wádìí bóyá owó náà wọlé sọ́dọ̀ kọ́sítọ́ọ̀mù.

Èkejì, kí ọ̀gá fọwọ́ ara rẹ̀ buwọ́ lu rìsíìtì. Ẹ má bá a buwọ́ lù ú.

Ẹ̀kẹta, pépà náà ni. Àwọn kan á ní ó yẹ kí n ti wò ó tẹ́lẹ̀. Ṣé ọ̀gá tiyín ń fi pépà hàn yín kí owó tó wọlé ni? Inú àpò ìwé ló máa ń wà, wọ́n á ní kò kàn ọ́. Ó kàn mí. Bí ẹ́síì tutù, tí bọ́dì kò ní ojú ìpalára, bí pépà kò bá dáa, kò sí mọ́tò níbẹ̀.

Ní báyìí, n kì í ya fọ́tò mọ́tò kankan kí n tó rí pépà rẹ̀. Ọ̀gá tó bá ní òun kò ní fi hàn mí, kó wá ẹlòmíì tó máa bá a tà á.