Ilé tí kò ní kọ̀rọ̀

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ Yorùbá níbí."

Gẹ̀ẹ́sì ni ọmọ mi fi sọ ọ́, wúyẹ́wúyẹ́, bí ẹni pé ìró já ní ìdí mi láàárín ọjà. Kí ni mo ṣe? Mo ní kó yéé fọwọ́ kan gíláàsì ni.

Ilé gíláàsì tí wọ́n ń pè ní Edith Farnsworth House la lọ wò, ní Plano, ní Illinois. Mies van der Rohe, ará Jámánì, ló ya àwòrán rẹ̀ fún Edith Farnsworth, obìnrin kan tó jẹ́ dókítà kíndìnrín ní Chicago, wọ́n sì parí rẹ̀ ní 1951. Òpó irin funfun mẹ́jọ, òrùlé pẹrẹsẹ, ilẹ̀ olókùúta, gíláàsì yíká. Kò sí yàrá kankan. Ilé ìwẹ̀ méjì sá pamọ́ sínú nǹkan onígi kan láàárín ilé, kíṣìnì fẹ̀yìn tì í, ó parí. Òun layé ń rọ́ wá wò.

Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò. Irin ojú fèrèsé ńkọ́? Àfọ́kù ìgò orí fẹ́ǹsì ńkọ́? Níbo lèèyàn fẹ́ ti ka owó àjọ? Bí àbúrò ọkọ bá gbé báàgì dé láìsọ tẹ́lẹ̀, ibo la fẹ́ tẹ́ ẹní fún un sí?

Dókítà alára fojú winá. Òun àti Mies dé kóòtù lórí owó ilé. Ooru mú un, ẹ̀fọn jẹ ẹ́, títí ó fi ta nẹ́ẹ̀tì yí bàákónì ká. Nígbà tí mo gbọ́ ti nẹ́ẹ̀tì, ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Àṣé ọmọ ìyá kan náà ni ẹ̀fọn Plano àti ti Ògbómọ̀ṣọ́! Wọ́n gbé ilé náà ga ní bíi ẹsẹ̀ bàtà 5 nítorí odò Fox tó wà lẹ́bàá rẹ̀, síbẹ̀ omi wọlé ní 1954, ó tún wọlé ní 1996.

Ní 1972, obìnrin náà ta ilé, ó gba Ítálì lọ.

Ibẹ̀ lẹ̀rín ti kúrò lẹ́nu mi. Ilé tèmi ní Ògbómọ̀ṣọ́ ti pé ọdún mọ́kànlá tí mo ti ń kọ́ ọ, orí WhatsApp ni mo ti mọ̀ ọ́n. Yàrá kọ̀ọ̀kan fáwọn ọmọ, ilé ìwẹ̀ nínú ìkọ̀ọ̀kan. Bàbá mi ló ń bá mi dúró ti àwọn bíríkìlà. Nírọ̀lẹ́, wọ́n á gbé àga lọ síbẹ̀, wọ́n á jókòó sínú pálọ̀ tí kò ì lórùlé. Ìwé mi ò tíì jáde nígbà tí wọ́n kú. Orí fóònù ni mo ti wo ìsìnkú, nẹ́tíwọ́kì já kí wọ́n tó bu yẹ̀pẹ̀. Páànù ti wà lórí ilé báyìí.

Màmá mi pè nígbà tá à ń wakọ̀ bọ̀ wálé. Wọ́n ní kí n fún ọmọ ní fóònù.

"Ẹ káàárọ̀ mà," ló wí. Ilẹ̀ ti ṣú ní Ògbómọ̀ṣọ́.

Màmá ní, "Sọ fún un pé mo ti gbá yàrá rẹ̀."

Mo túmọ̀ rẹ̀.

"Yàrá wo?" Gẹ̀ẹ́sì ló fi béèrè.

Ìyẹn ni mi ò túmọ̀ fún màmá.