Níbo Ni Ẹ̀rù Ti Bà Ọ́? Ẹ̀kọ́ Tí Mo Kọ́ Nínú Sísọ Èrò Ẹni Lórí Fíìmù

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ iṣẹ́ lámèyítọ́ fíìmù, ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ kò ju ẹyọ kan lọ. Kí ẹ tó sọ pé fíìmù kan dára tàbí pé kò dára, pé ó bà yín lẹ́rù tàbí pé ó pa yín lẹ́rìn-ín, ẹ kọ́kọ́ sọ ohun tí ojú yín rí àti ohun tí etí yín gbọ́, kí ẹ sì tọ́ka sí ibi tí ẹ ti rí i. Olùkọ́ tó kọ́ mi níṣẹ́ yìí kì í béèrè bóyá a gbádùn eré. Bí iná bá ti tàn, ìbéèrè tó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ ni pé, “Níbo ni ẹ̀rù ti bà ọ́?” Ẹni tó bá dáhùn pé “Gbogbo rẹ̀ ni, sà” yóò padà jókòó, ẹlòmíràn yóò sì dìde.

Ìbéèrè náà jinlẹ̀ ju bí ó ti rí létí lọ, nítorí pé ìbẹ̀rù inú sinimá kì í ṣèèṣì wáyé. Ẹnìkan ló tò ó: ó yan ibi tí kámẹ́rà yóò dúró sí, ó pinnu ohun tí a kò ní rí, ó sì mọ ìgbà tí ohùn yóò dún àti ìgbà tí yóò dákẹ́. Bí awòran bá ní àyà òun já, ìròyìn àyà tirẹ̀ ló ń sọ fún wa. Ìgbà tó bá lè tọ́ka sí ibi tí ó ti já gan-an ló tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ nípa fíìmù.

Ẹ wo Psycho, tí Alfred Hitchcock ṣe ní ọdún 1960. Kò sí ẹni tí kò gbọ́ nípa ibi tí wọ́n ti gún obìnrin kan pa nínú ilé ìwẹ̀, kódà àwọn tí kò wo fíìmù náà rí lè ròyìn rẹ̀ fún yín. Bí ẹ bá béèrè lọ́wọ́ àwọn tó wò ó, ọ̀pọ̀ nínú wọn yóò ní àwọn rí ọ̀bẹ tó ń wọ ẹran ara léraléra, àwọn mìíràn á tilẹ̀ búra pé ẹ̀jẹ̀ tí àwọn rí pupa fòò. Bẹ́ẹ̀ rèé, fíìmù dúdú-àti-funfun ni. Ohun tó ń bá omi ṣàn lọ sínú ihò bálùwẹ̀ kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ rárá, omi ṣokoléètì ni wọ́n lò, nítorí pé ó hàn bí ẹ̀jẹ̀ nínú àwòrán tí kò ní àwọ̀. Ọjọ́ méje ni wọ́n fi ya ibẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni ìgúnlọ́bẹ náà kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 45 lọ, torí pé wọ́n gé àwòrán náà wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ kí wọ́n tó tò ó pọ̀: ọwọ́ tó gbé ọ̀bẹ sókè, ẹnu tó là sílẹ̀, omi tó ń tú yàà, ẹsẹ̀ tó ń yọ̀, aṣọ ìkélé. Ó ṣọ̀wọ́n kí ẹ tó rí ibi tí ọ̀bẹ ti kan ara. Awòran fúnra rẹ̀ ló ń fi ọkàn so àwọn àwòrán wọ̀nyí pọ̀, lẹ́yìn náà ni yóò wá gbà pé òun rí ohun tí ẹnikẹ́ni kò fi hàn án.

Ohùn tún wà níbẹ̀. Bernard Herrmann tó kọ orin fíìmù náà kò lo ìlù, kò lo fèrè, kò lo kàkàkí. Ohun èlò olókùn nìkan ló lò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Hitchcock ti kọ́kọ́ fẹ́ kí inú ilé ìwẹ̀ yẹn wà láìsí orin kankan, ṣùgbọ́n nígbà tó gbọ́ ohun tí Herrmann kọ, ó yí ìpinnu rẹ̀ padà. Ìdí nìyí tí mo fi ń fún gbogbo ẹni tó bá wá kọ́ iṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ní iṣẹ́ kan náà: kí wọ́n pa ohùn, kí wọ́n wo ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n tún kọ ẹ̀yìn sí i, kí wọ́n gbọ́ ohùn rẹ̀ nìkan. Lẹ́yìn èyí, ẹ ó rí i pé àlàyé wọn gùn sí i, ariwo ẹnu wọn sì dín kù.

Ní ti fíìmù àtijọ́, ohun mìíràn wà tí ẹ gbọ́dọ̀ yẹ̀ wò kí ẹ tó dá ẹjọ́, òun náà ni ẹ̀dà tí ẹ wò. Àpẹẹrẹ tí mo máa ń lò ni Nosferatu, tí F. W. Murnau ṣe ní Jámánì ní ọdún 1922, tí ó dá lórí Count Orlok, òkú tó ń dìde lóru láti mu ẹ̀jẹ̀ alààyè. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ tí mo ń tọ́ sọ́nà kọ ọ́ sínú iṣẹ́ rẹ̀ pé àwọn tó ṣe eré yìí kò mọ ohun tí wọ́n ń ṣe: oòrùn òwúrọ̀ ló pa Orlok ní ìparí ìtàn, bẹ́ẹ̀ a ti rí Orlok kan náà tó gbé pósí rẹ̀ la ìgboro kọjá nínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán gangan, tí nǹkan kan kò ṣe é. Ojú ọ̀dọ́ náà mú, ohun tó wà níwájú rẹ̀ ló sọ. Ẹ̀dà tó wò ni kò pé. Ní ayé ìgbà náà, ó ṣòro púpọ̀ láti ya àwòrán nínú òkùnkùn, torí náà ọ̀sán ni wọ́n máa ń ya ọ̀pọ̀ ìran òru, wọ́n á sì wá pa fíìmù náà láró lẹ́yìn náà: àwọ̀ aró fún òru, àwọ̀ ìyeyè fún ojú ọ̀sán. Awòran ọdún 1922 kò nílò kí ẹnikẹ́ni sọ fún òun pé ilẹ̀ ti ṣú. Nígbà tí wọ́n wá ń da fíìmù náà kọ sórí òmíràn láìkọbi ara sí àwọ̀ rẹ̀, òru di ọ̀sán, ìtàn tó gún régé tẹ́lẹ̀ sì di ohun tí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ lè fi ṣe ẹlẹ́yà.

Pé ẹ̀dà rẹ̀ kò bára mu, ẹjọ́ ló fà á dé ìwọ̀n tó pọ̀. Ilé-iṣẹ́ Prana tó ṣe é gbé ìtàn Dracula, ìwé tí Bram Stoker tẹ̀ jáde ní ọdún 1897, láìgba àṣẹ. Orúkọ àwọn ènìyàn inú rẹ̀ àti ìlú tó ti ṣẹlẹ̀ ni wọ́n yí padà. Florence, opó Stoker, pè wọ́n lẹ́jọ́, nígbà tó sì di ọdún 1925, ilé ẹjọ́ ní Jámánì pàṣẹ pé kí wọ́n pa gbogbo ẹ̀dà rẹ̀ run. Àwọn ẹ̀dà kan ti rìn jìnnà kí àṣẹ náà tó dé, láti ara àwọn tó ṣẹ́ kù káàkiri ni wọ́n sì ti tún fíìmù náà tò. (Ohun tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé àwọn tó jí ìtàn gbé náà ló fi oòrùn apànìyàn kún un. Nínú ìwé Stoker, Dracula lè jáde lọ́sàn-án.)

Ìyára àwòrán náà ń bẹ. Fíìmù aláìlóhùn sábà máa ń lo àwòrán tí kò tó 24 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí náà, bí wọ́n bá fi ìyára 24 gbé e jáde, àwọn ènìyàn inú rẹ̀ á máa sáré kiri bí èèrà tí wọ́n da omi gbígbóná sí, awòran á sì rò pé bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà òṣèré ṣe ń ṣe eré nígbà náà. Orin tí ẹ gbọ́ lórí fóònù yín kì í sì í ṣe orin ìgbà náà dandan, torí pé inú gbọ̀ngàn gan-an ni àwọn olórin máa ń jókòó sí, tí wọ́n á máa kọrin bí àwòrán ti ń lọ. Nítorí náà, ẹ máa kọ irú ẹ̀dà tí ẹ wò sí òkè iṣẹ́ yín. Ọ̀dọ́ tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ yẹn wo ẹ̀dà tó láwọ̀ lẹ́yìn náà, ohun tó sì kọ nípa ibi tí Orlok ti ń gun àtẹ̀gùn ni mo fi ń kọ́ àwọn ẹlòmíràn báyìí: ó ṣàkíyèsí pé a kò rí Orlok fúnra rẹ̀ níbẹ̀ rárá, òjìji rẹ̀ pẹ̀lú ìka gígùn nìkan ló ń gòkè lára ògiri.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ìjáyà òjijì gba ipò ìbẹ̀rù mọ́ yín lọ́wọ́. Nínú Cat People, tí Jacques Tourneur darí ní ọdún 1942, obìnrin kan ń dá rìn lóru, ó ń gbọ́ ìró ẹsẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ìró náà dákẹ́, lójijì ni ohun kan sì han gooro lẹ́bàá rẹ̀: bọ́ọ̀sì tó fẹ́ dúró ni. Àìmọye fíìmù ló ti jí ọgbọ́n yìí lò láti ìgbà náà, tí púpọ̀ nínú wọn kò sì ní ju bọ́ọ̀sì náà lọ. Ti Tourneur ṣì ń bani lẹ́rù lẹ́yìn tí bọ́ọ̀sì ti kọjá, nítorí pé a kò tíì mọ ohun tó ń tẹ̀ lé obìnrin náà.

Bí ẹ bá wá dé orí ìtumọ̀, ẹ rọra. George A. Romero àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣe Night of the Living Dead ní agbègbè Pittsburgh ní Amẹ́ríkà, pẹ̀lú nǹkan bí 114,000 dọ́là, ó sì jáde ní oṣù Ọ̀wàrà ọdún 1968. Duane Jones, adúláwọ̀, ló ṣe Ben, ẹni tó ní làákàyè jù nínú àwọn tí òkú tó jí dìde ń lé mọ́ inú ilé. Ben la òru náà já, àfi bí ilẹ̀ ti mọ́ tí àwọn ọkùnrin tó ń fi ìbọn wá òkú kiri yìnbọn pa á, tí wọ́n sì gbé òkú rẹ̀ sun pẹ̀lú àwọn yòókù. Oṣù Igbe ọdún náà ni wọ́n yìnbọn pa Martin Luther King ní Memphis. Romero ní òun kò kọ Ben sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí adúláwọ̀, pé Jones ló ṣe dáadáa jù nínú àwọn tó wá gbìyànjú ipò náà. Ẹ gbọ́dọ̀ lè kọ gbolóhùn méjèèjì yìí láìdà wọ́n pọ̀: ohun tí olùdarí eré ní lọ́kàn, àti ohun tí awòran 1968 rí nígbà tí ìbọn yẹn dún. Lámèyítọ́ tó bá ní Romero mọ̀ọ́mọ̀ gbìn ín síbẹ̀ ti purọ́ mọ́ ọn. Èyí tó bá sì ní torí pé kò mọ̀ọ́mọ̀, kò sí nǹkan kan níbẹ̀, kò ríran.

Ohun tí Roger Ebert, lámèyítọ́ ìlú Chicago, kọ nípa fíìmù yìí ní ọdún 1969 ṣì wúlò fún yín. Inú gbọ̀ngàn tó kún fún àwọn ọmọdé lọ́sàn-án ló ti wò ó, àwọn ọmọ yẹn ló sì kọ nípa wọn jù: bí wọ́n ṣe ń pariwo ìdùnnú níbẹ̀rẹ̀, bí gbọ̀ngàn ṣe wá dákẹ́ nígbà tó yá, àti ọmọbìnrin kékeré kan tó jókòó jẹ́ẹ́, tó ń sunkún. Ìwọ̀nba ohun tó rí ló sọ, ohun tó rí náà sì ṣàlàyé fíìmù yẹn ju àpèjúwe ńláńlá lọ.

Nílé tiwa, ẹ ó bá àwọn àgbà pàdé tí wọ́n á ní kò sí fíìmù tó bani lẹ́rù tó Aiye, tí Hubert Ògúndé gbé jáde ní ọdún 1979, tí Ọlá Balógun sì darí. Ẹ má fi ẹnu tẹ́ńbẹ́lú ọ̀rọ̀ wọn. Ìjà Ọ̀ṣẹ́túrá, tí Ògúndé fúnra rẹ̀ ṣe, pẹ̀lú àwọn àjẹ́ ló wà níbẹ̀, bí ẹ bá sì fi ojú idán kọ̀ǹpútà ayé òde òní wò ó, ẹ ó ní idán rẹ̀ kò dán mọ́rán. Ṣùgbọ́n àwọn awòran tó wò ó nígbà náà kò nílò kí idán yí wọn lérò padà pé àjẹ́ wà. Wọ́n ti mọ ìyẹn wá láti ilé, Ògúndé tó ti dá ẹgbẹ́ eré sílẹ̀ láti ọdún 1945 sì mọ̀ pé wọ́n mọ̀ ọ́n. Ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ tíátà wa ìgbà náà ló máa ń gbé fíìmù wọn kiri fúnra wọn láti ìlú dé ìlú, èrò á pé jọ, ẹ̀rù á sì máa ràn láti orí ìjókòó kan sí èkejì. Ẹ bi àwọn àgbà náà ní ìbéèrè olùkọ́ mi pẹ̀lú ọ̀wọ̀: “Ẹ jọ̀ọ́ mà, níbo ni ẹ̀rù ti bà yín?” Mo ti béèrè lọ́wọ́ ìyá àgbàlagbà kan rí, kò mẹ́nu ba idán kankan. Ọfọ̀ ni wọ́n sọ̀rọ̀ rẹ̀: bí ẹni tó ń pè é ṣe ń mí láàárín ìlà méjì, àti pé ẹni tí kò gbọ́fọ̀ kò lè mọ ibi tí agbára ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Lámèyítọ́ ni wọ́n, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnikẹ́ni kò pè wọ́n bẹ́ẹ̀ rí.

Ó ku ọ̀rọ̀ àṣírí. Nígbà tí Psycho jáde, Hitchcock ní kí wọ́n má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọlé lẹ́yìn tí eré bá ti bẹ̀rẹ̀, ó sì bẹ àwọn awòran pé kí wọ́n má sọ ìparí rẹ̀ fún ẹni tí kò tíì wò ó. Ó ní ìdí: òṣèrébìnrin tí gbogbo ènìyàn sanwó láti wò kú kí fíìmù tó dé ìdajì, ẹni tó bá pẹ́ dé ì bá kàn máa retí rẹ̀ lásán. Bí ẹ bá ń fi ẹnu júwe fíìmù fún ẹni tí ẹ fẹ́ kó lọ wò ó, ẹ dúró ní ibi tí ọkàn rẹ̀ ti fẹ́ mọ̀ sí i. Bí ó bá jẹ́ pé kíkọ ni, tí ẹ sì ní láti fi ẹ̀rí gbe ọ̀rọ̀ yín lẹ́sẹ̀, ẹ sọ gbogbo rẹ̀. Èmi kò mọ bí ènìyàn ṣe lè kọ̀wé tó nítumọ̀ nípa Night of the Living Dead láì dárúkọ òwúrọ̀ ọjọ́ yẹn; ẹ kọ ọ́, kí ẹ sì kìlọ̀ fún òǹkàwé ní ìlà àkọ́kọ́, kí ẹni tí kò bá tíì wò ó lè pa ìwé náà dé.