Ìbínú Tí Kò Rí Ẹni Bá Jà: Ohun Tí Mo Kọ́ Nínú Red Lanterns

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn kọ́míìkì bíi tèmi, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé àwọn ẹhànnà tó ń bi ẹ̀jẹ̀ lu ara wọn ló kún inú ìwé kọ́míìkì Red Lanterns, pé kò sí nǹkan mìíràn níbẹ̀, ẹ má gbọ́ tirẹ̀. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ka nọ́ńbà kìíní dé ìkeje tán ni. Ara mi ò tíì rọlẹ̀. Ìyẹn ló jẹ́ kí n tètè kọ èyí, nítorí mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín ló ń gbé ìbínú kan kiri tí ẹ ò rí ibi sọ̀ ọ́ sí.

Oṣù Kẹsàn-án ọdún 2011 ni ilé iṣẹ́ kọ́míìkì DC gbé e jáde, lásìkò tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìwé 52 láti nọ́ńbà kìíní. Peter Milligan ló kọ ọ́, Ed Benes ló ya àwòrán rẹ̀. Atrocitus tó jẹ́ olórí àwọn Red Lanterns kì í ṣe àlejò, ó ti wà nínú ìtàn Green Lantern, àwọn ọlọ́pàá ojú ọ̀run tó ń lo òrùka aláwọ̀ ewé, láti ọdún 2007, ṣùgbọ́n ọ̀tá ló jẹ́ níbẹ̀. Nínú ìwé tuntun yìí, òun ló ń sọ̀rọ̀, èrò inú rẹ̀ la sì ń gbọ́.

Ìbínú ni òrùka pupa tó ń sọ èèyàn di Red Lantern ń wá kiri ojú ọ̀run. Ẹni tí wọ́n ṣe níkà, tí inú rẹ̀ ń hó, ni í lọ bá. Bó bá ti wọ ìka onítọ̀hún, òrùka náà ló gba iṣẹ́ ọkàn ṣe. Ẹ̀jẹ̀ á bàjẹ́, á di iná olómi, á máa tú jáde lẹ́nu. Bí wọ́n bá bọ́ òrùka náà, ikú ni. Làákàyè ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ti lọ, ariwo ni wọ́n ń pa. Ẹ fara balẹ̀ níbí yìí, torí ibẹ̀ ni àwọn tó ń sáré wá ìjà máa ń fò: wọ́n kọ́kọ́ ṣẹ̀ wọ́n ná kí wọ́n tó di ẹhànnà.

Ẹ wo Dex-Starr, ọ̀kan nínú wọn. Ológbò ni. Obìnrin kan ní Brooklyn ló gbà á sílé. Olè wọlé, ó pa obìnrin náà, wọ́n sì lé ológbò síta. Àwọn ọmọ ìta méjì gbé e sínú àpò, wọ́n jù ú láti orí afárá Brooklyn, kó sì tó kan omi, òrùka ti dé. Ìtàn kékeré kan tó jáde ní 2010 ló sọ èyí. Ẹ wá a kà kí ẹ tó ṣí nọ́ńbà kìíní. Mo sunkún lórí ológbò. Ẹni tó bá fẹ́ fi mí rẹ́rìn-ín, kó kọ́kọ́ lọ kà á ná.

Ṣùgbọ́n gbogbo ìyẹn ò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Atrocitus. Àwọn rọ́bọ́ọ̀tì tí wọ́n ń pè ní Manhunters ló pa gbogbo ìpín 666, apá ibi tó ń gbé lójú ọ̀run, run, tìyàwó tọmọ rẹ̀. Ẹni márùn-ún péré ló ṣẹ́kù níbẹ̀. Ọjọ́ pẹ́ tó ti ń bínú sí àwọn Guardians, ọ̀gá àwọn Green Lantern, tó ṣe rọ́bọ́ọ̀tì wọ̀nyí. Nígbà tó yá ló wá hàn pé Krona, ọ̀tá àwọn Guardians, ló yí orí àwọn rọ́bọ́ọ̀tì náà padà tí wọ́n fi ṣe bẹ́ẹ̀. Kí Atrocitus tó lè gbẹ̀san lára rẹ̀, Hal Jordan, ọ̀kan nínú àwọn Green Lantern, ti pa á. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ: ẹlòmíràn ló pa á. Atrocitus wá gbé òkú Krona sọ́dọ̀, ó ń bá a sọ̀rọ̀. Ìbínú tó fi ń mí ti ń tutù, kò sì mọ ohun tó máa dà bí ìbínú náà bá kú tán.

Ojú ewé yẹn ni mo ti pa ìwé dé.

Ẹ̀gbọ́n kan wà tó kọ́ mi bí a ṣe ń fi tàdáwà yàwòrán. A jọ ṣe ìtàn aláwòrán kan, èmi ni mo ya èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Nígbà tó jáde, orúkọ ẹ̀gbọ́n nìkan ló wà lára rẹ̀. Wọ́n ní àṣìṣe ni, pé àwọn á tún un ṣe. Wọn ò tún un ṣe. Mo to ọ̀rọ̀ tí màá bá wọn sọ lẹ́sẹẹsẹ, kò sí èébú nínú rẹ̀, torí ẹ̀gbọ́n ni wọ́n. A fi ọjọ́ sí i. Ọjọ́ náà ò tíì pé tí wọ́n fi kú.

Ikú yẹn dùn mí gan-an. Ṣùgbọ́n ohun tó pa mí lẹ́kún ni fóònù tó ń dún láàárọ̀ ọjọ́ kejì, tí àwọn èèyàn ń fi ọ̀rọ̀ ìdárò ránṣẹ́, tí wọ́n sì ń fi àwòrán kan sábẹ́ rẹ̀: ìyá arúgbó kan gbé àtùpà, ó fi ọwọ́ kejì bo iná kí afẹ́fẹ́ má pa á. Wọ́n ní, “Ẹ wo iṣẹ́ ọwọ́ ọ̀gá.” Iṣẹ́ ọwọ́ mi ni. Èmi ni mo fa àwọn ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ wọ̀nyẹn sí ọrùn ìyá náà. Ìka kan wà lára ọwọ́ tó fi bo iná tó gùn ju bó ṣe yẹ lọ, torí tàdáwà ṣàn síbẹ̀, mo wá fa ìlà méjì sí i kó má baà hàn. Mo fẹ àwòrán náà lójú fóònù, mo rí ìlà méjèèjì. Àwòrán kan náà ń wọlé léraléra pẹ̀lú oríṣiríṣi ọ̀rọ̀ ìyìn. Ta ni mo fẹ́ sọ fún? Ṣé ìyàwó wọn tó ń sunkún ni? Mo kọ “Ọlọ́run á tù wá nínú”, mo fi ránṣẹ́, mo sì jókòó síbẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Nítorí náà, ẹ má wí fún mi pé kọ́míìkì lásán ni. Ohun tí mo kọ́ ni pé ìbínú kì í bá ẹni tó dá a sílẹ̀ kú. Gbogbo èèyàn ló ń sọ fún mi pé ẹni náà ti lọ, ọ̀rọ̀ ti tán. Kò tán. Àìsí wọn gan-an ló sọ ọ́ di nǹkan ńlá, torí kò sí ẹni tó lè sọ pé “má bínú” fún mi mọ́.

Ẹ̀kọ́ kejì fara jọ ọ: ìbínú tí kò rí ẹni bá jà á wá ẹlòmíràn. Atrocitus pinnu pé gbogbo ìwà ìkà lágbàáyé ni òun máa gbẹ̀san rẹ̀. Ẹ̀rù bà mí nígbà tí mo kà á, torí inú ti ń bí mi sí gbogbo ẹni tó fi àwòrán yẹn ránṣẹ́, àwọn tí kò mọ nǹkan kan. Ẹ kíyè sí ara yín níbẹ̀. Mi ò sọ pé kí ẹ má bínú o! Ẹ ní ẹ̀tọ́ láti bínú. Ẹ ṣáà mọ orúkọ ẹni tí ẹ̀ ń bínú sí, kódà bó ti kú.

Ó ní ohun tí kò dùn mọ́ mi nínú ìwé náà. Bí wọ́n ṣe ya Bleez, obìnrin kan nínú àwọn Red Lanterns, kò bọ̀wọ̀ fún ìtàn rẹ̀ rárá; ẹni tí wọ́n jẹ níyà tó bẹ́ẹ̀, ìdí ni wọ́n ń yí sí òǹkàwé. Mo fẹ́ràn rẹ̀ síbẹ̀, pàápàá lẹ́yìn tí Atrocitus dá làákàyè rẹ̀ padà tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í dìtẹ̀ mọ́ ọn.

Èmi náà ti ń gbádùn díẹ̀díẹ̀. Mo ti tún gbé tàdáwà, mo sì ti ń fi orúkọ mi sí igun gbogbo ojú ewé kí n tó fa ìlà kankan, ẹ̀yin tí ẹ̀ ń yàwòrán pẹ̀lú ẹlòmíràn náà, ẹ máa ṣe bẹ́ẹ̀ láti òní lọ. Mo gbọ́ pé òǹkọ̀wé mìíràn, Charles Soule, gba ìwé náà láti nọ́ńbà 21, pé ìwé náà sì parí ní nọ́ńbà 40 ní 2015. Nọ́ńbà kẹjọ ni mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ báyìí. Ẹ̀yin tí ẹ ti kọjá ibẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì sọ fún mi.