"Mọ́mì, ẹ fi bí ẹ ṣe ń lò ó hàn mí": ohun tí omeprazole kọ́ mi

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ intern ní fámásì, omeprazole, oògùn tó ń dín ásíìdì inú ikùn kù, wà lára oògùn tí ẹ máa kà títí ẹ ó fi máa lálàá ẹ̀. Ẹni tí ulcer ń dà láàmú, ẹni tí àyà ń ta, ẹni tó ń lo diclofenac (oògùn ìrora tó lè dá ọgbẹ́ sí ikùn) nítorí orúnkún, dókítà máa kọ ọ́ fún gbogbo wọn. Èmi náà, "ọ̀kan lójúmọ́" ni mo máa ń kọ sára páálí, mo nà án jáde lójú fèrèsé, ẹni tó kàn! Mo rò pé mo ti ṣiṣẹ́ nìyẹn.

Ìyá kan ń bẹ tó ń ta èlùbọ́, ẹ̀ẹ̀mẹta ló padà wá láàárín oṣù méjì, àyà ṣì ń ta á, dókítà ti gbé e láti 20 mg sí 40 mg. Lẹ́ẹ̀kẹta yẹn òjò rọ̀, èrò ò sí (kí n má parọ́ pé ọgbọ́n orí mi ni), mo wá ní "Mọ́mì, ẹ fi bí ẹ ṣe ń lò ó hàn mí." Mọ́mì bá yí kápúsù kan sí méjì, ó da hóró funfun wínníwínní inú ẹ̀ sórí ìwé, ó gba bíírò ọwọ́ mi, ó fi ìdí ẹ̀ lọ̀ ọ́ kúnná, ó ní inú ẹ̀kọ gbígbóná lòun máa ń pò ó sí, tóun bá ti jẹun àárọ̀ tán.

Háà! Àwọn hóró yẹn, ẹ̀wù ló wà lára wọn, ẹ̀wù yẹn ló ń gbà wọ́n lọ́wọ́ ásíìdì kí wọ́n tó dé ìfun, ìfun ló máa gbà á sínú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ló wá máa gbé e padà wá bá ikùn. Téèyàn bá ti lọ̀ ọ́, ásíìdì tó yẹ kó lọ bá wí ló máa pa á lójú ọ̀nà. Kò sì yẹ kó jẹ́ lẹ́yìn oúnjẹ: ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí wákàtí kan kó tó jẹun ni, torí oúnjẹ ló ń jí àwọn ẹ̀rọ tó ń tú ásíìdì jáde, èyí tó bá sì jí nìkan ni oògùn yìí lè tì pa. Ẹ sọ fún wọn náà pé kì í ṣe oògùn ojú ẹsẹ̀, ó lè tó ọjọ́ mẹ́ta mẹ́rin kí wọ́n tó mọ̀ ọ́n lára dáadáa.

Inú mi dùn, mo ti yanjú ẹ̀, mo fẹ́ pe ẹlòmíì. Ọ̀gá mi tó dúró lẹ́yìn ló wá bi í pé "Mọ́mì, kí ló dé tí ẹ ò gbé e mì bẹ́ẹ̀?" Ó ní ó ti pẹ́ tí nǹkan ti ń há òun lọ́fun, ẹ̀bà gan-an, omi lòun fi ń tì í. Ara mi tutù. Mo ti bi í bó ṣe ń lò ó, mi ò bi í ìdí ẹ̀.

Oúnjẹ tó ń há, ara tó ń rù láìnídìí, èébì ẹ̀jẹ̀, ìgbẹ́ tó dúdú bí ọ̀dà títì, ẹ má fi kún mg fún irú wọn o, dókítà ni kẹ́ ẹ dá wọn padà sí kíá, torí oògùn yìí lè mú kí ara fúyẹ́ kí nǹkan burúkú sì máa dàgbà lábẹ́ ẹ̀.

Ìyókù, ẹ bi wọ́n ní oògùn míì tí wọ́n ń lò, pàápàá clopidogrel fún ọkàn, omeprazole máa ń dín agbára ẹ̀ kù. Ẹni tó fẹ́ ṣe test H. pylori (kòkòrò inú ikùn tó ń fa ulcer), tèémí tàbí ti ìgbẹ́, á ti fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì kó tó lọ. Ẹni tó ti ń lò ó fún ọ̀pọ̀ oṣù, kó má kàn jù ú sílẹ̀ lọ́jọ́ kan, ásíìdì lè ru padà, á sì rò pé ulcer ti dé, kó jẹ́ kí dókítà máa dín in kù díẹ̀díẹ̀. Àwọn tó ń rà á fúnra wọn láti ọdún méjì, magnesium àti vitamin B12 ara wọn lè ti máa lọ sílẹ̀ láìmọ̀.

Wọ́n fi kámẹ́rà wo ọ̀fun ìyá yẹn, ásíìdì ló ti jó o títí tó fi fún pọ̀, wọ́n bá a fẹ̀ ẹ́. Bí oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà ó yà mí lójú fèrèsé láàárọ̀ kùtù, ó ní "ọmọ mi, wò ó," ó gbé kápúsù mì lójú mi, odindi. Ẹ̀kọ wà nínú báàgì ẹ̀. Ó ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ò tíì pé, òun ń bọ̀ wá jókòó dè é.